Ọdẹ́níran àti Yàrá Tó Ń Dá Ọ̀rọ̀ Padà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá gbé iṣu kaná kó yáa lọ sọ̀ ọ́, nítorí mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni tó bá dìde láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ má fẹ̀yìn ti ògiri yẹn. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ kí n tó pa ẹnu dé. Ọdẹ ni mí, ẹ sì mọ̀ mí. Mo ti pa ẹfọ̀n tí ìwo rẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo ti bá iwin pín iṣu sísun jẹ, òun ló sì bẹ̀ mí pé kí n fi èyí tó jóná sílẹ̀ fún òun. Síbẹ̀ ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́níran ni, ọmọ Ọdẹ́jìnmí, ará Ìdí-Apá níbí. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, bí mo bá sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ṣáà máa jẹ ẹ́ lọ.

Ọdẹ́níran kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa nígbà tí igbó mú bàbá rẹ̀ lọ. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn kọ́ èjìká láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ Igbó Ìdáhùn, kò sì padà wá. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí ìbọn, wọn kò rí fìlà. Ní ìlú wa, irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ ní oríkì tirẹ̀, Ìpè là ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú Ìpè gbogbo wọn sí ikùn, kò sì gbọdọ̀ sun ún jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀, ìyẹn lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bó bá ti sun ún tán, ó ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Baba Ògúnkànmí ló ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí mò ń wí yìí, àgbà ọdẹ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ohùn rẹ̀ sì ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

Ọdẹ́níran ló yẹ kó gbà á. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín, ohùn ọ̀rẹ́ mi burú. Ó mọ ìbọn yìn, ó mọ ipasẹ̀ ẹran tọ̀, àmọ́ bó bá la ẹnu láti sun ìjálá, ńṣe ni àwọn ajá ọdẹ á rọra dìde kúrò nítòsí. Orí rẹ̀ kò sì di orin mú. Mopélọ́lá, ọmọ Baba, ló wá rí ọ̀nà àbáyọ. Obìnrin yìí ní yàrá kan lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn akọrin ìjọ àti àwọn akéwì sílẹ̀. Ó ní kí bàbá òun wá sun Ìpè náà síbẹ̀, kí ẹ̀rọ gbà á. Baba gbà. Ọdẹ́níran gbà ju Baba lọ, nítorí kò tíì gbọ́ oríkì bàbá tó bí i lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì kù tó lè gbọ́ ọ.

Wọ́n ní kí wọ́n fi ìkíni lásán dán yàrá náà wò ná. Baba jókòó síwájú máíkì, ó ní, "Mo kí yín o, ẹ̀yin ọdẹ." Nígbà tí Mopélọ́lá ní kí ẹ̀rọ sọ ohun tó gbọ́, àfi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Ọ̀rọ̀ kan kò tíì parí tí ìrù èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti gorí rẹ̀. Ọdẹ́níran gbọ́ "ọdẹ," ó gbọ́ "dẹ," ó tún gbọ́ "ẹ," kò sì mọ èyí tí Baba sọ mọ́.

"Ògiri ni," Mopélọ́lá wí. "Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ni gbogbo rẹ̀, ó le, ó sì ń dán. Bí ohùn bá ti lù ú, á ta padà. Ohùn àwọn akọrin nípọn, wọ́n ń borí rẹ̀. Ti Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó ń padà bọ̀ yẹn á gbé e mì."

"Kí ló dé tí o ò fi nǹkan bò ó?"

"Mo ti fi páálí ẹyin bò ó rí, Bọ̀dá Níran. Àwọn eku nìkan ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ọdẹ́níran rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ohun tí wọ́n fi ń bo nǹkan, kí wọ́n fi í lé ọdẹ lọ́wọ́. Ó lọ kó àwọn awọ tó dára jù nílé rẹ̀, ti ẹtu àti ti ìgalà. Ó kan férémù pákó, ó rẹ awọ sómi, ó fà á títí ó fi le dáadáa, ó kàn án mọ́ férémù, ó sá a sóòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá àgbà rẹ̀ ṣe ń fa awọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọdẹ Ìdí-Apá ń fà á, awọ tó bá dẹ̀, ìtìjú ni fún ẹni tó ni ín. Ó gbé wọn kọ́ yí yàrá ká. Nígbà tí wọ́n mú Baba wọlé, ó wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Gbogbo yàrá dáhùn: gbùn-ún.

Baba dúró. Ó fi ọwọ́ tọ́ awọ kan, ó fi ìka ta á, ó gbọ́ bó ṣe ń kùn. "Níran," ó wí, "ìlù lo kàn yìí. O sì ti gbé mi sínú rẹ̀."

Mopélọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ojú ti Ọdẹ́níran, ó sì dùn ún, nítorí ìdùnnú ló fi fa àwọn awọ yẹn. Èyí tó tún dùn ún jù ni pé ikọ́ Baba kò lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ohùn bàbá náà ti tún dín kù sí i, ó sì hàn sí gbogbo wọn pé kò ní pẹ́ tí yóò fi tán.

"Baba," Ọdẹ́níran bi í, "ohùn tó ń padà bọ̀ yẹn, ta ló ni ín?"

"Gbohùngbohùn ló ni ín. Orí òkè kan ló ń gbé, láàárín Igbó Ìdáhùn. Ohun tí o bi mí yìí, bàbá rẹ bi mí bẹ́ẹ̀ gan-an kó tó wọ ibẹ̀."

Ọdẹ́níran dìde. Ó ní òun ń lọ, kí wọ́n dúró de òun. Baba ní ohùn òun ni kó bẹ̀ pé kó dúró.

Bó ṣe rìn débẹ̀, ẹ má bi mí. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ohun tó bá pàdé lẹ́nu igbó ni kí ẹ gbọ́. Iwin kan dùbúlẹ̀ gbalaja sí àárín ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Orí rẹ̀ ń dán, kò sí etí kankan níbẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni etí wà, wọ́n fẹ̀ bí ewé kókò. Bó bá fẹ́ gbọ́ràn, á dùbúlẹ̀. Bó bá sì ti dìde dúró, adití paraku ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi nǹkan dí etí láti àárọ̀, tí ìyá yín ń pè yín tí ẹ kò dáhùn.

"Dúró níbẹ̀," iwin náà wí. "Ó wọ ilé mi, kò gba ẹnu ọ̀nà. Ó lu ògiri mi, kò ní ọwọ́. Ó kú sí ìyẹ̀wù mi, n kò rí òkú rẹ̀ sin. Dárúkọ rẹ̀, àbí kí n dìde dúró lé ọ lórí."

"Atẹ́gùn ni," Ọdẹ́níran wí.

Iwin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ọdẹ́níran rí ewu tó wà níbẹ̀: bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọ̀nyẹn bá fi lè kan ilẹ̀, kò sí ìdáhùn tí yóò tún wọlé mọ́. Ó sáré súnmọ́ ẹsẹ̀ tó kù lókè, ó pàtẹ́wọ́ sí i gbà. Iwin náà ké, ó ṣubú padà sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀.

"Ohun tó wọlé sí ọ lára yẹn ni," Ọdẹ́níran wí. "Ìró ni."

Iwin náà rẹ́rìn-ín bí ó tilẹ̀ ń dùn ún. Ó ní, "O gbà á. Àtẹ́wọ́ yẹn, máa pa á níbi gbogbo tí o bá dé, kí o sì máa fetí sí bó ṣe ń kú. Ibi tó bá ti kú wọ́ọ́rọ́wọ́, wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa."

Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe di alátẹ́wọ́ nínú igbó nìyẹn. Ó pàtẹ́wọ́ sí ìdí ìrókò, ó gbọ́ bó ṣe ta padà. Ó pàtẹ́wọ́ sí òkìtì ọ̀gán, ó gbọ́ bó ṣe yà sí ẹ̀gbẹ́. Ó pàtẹ́wọ́ sí òkìtì ewé gbígbẹ, ó gbọ́ bó ṣe rì síbẹ̀. Ó ti ń ṣọdẹ láti kékeré, ó sì ń fetí gbọ́ ẹran, ṣùgbọ́n kò fetí gbọ́ igbó fúnra rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra etí tuntun. Ọ̀bọ kan tó wà lórí igi rò pé òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ó sì tẹríba.

Ìlú tó kọ́kọ́ dé ni Ìlú Dídán. Òkúta tí wọ́n ti fi omi yún ni gbogbo ilé ibẹ̀, ilẹ̀ ń dán, òrùlé ń dán, kò sí ẹní, kò sí aṣọ lára okùn, kò sí igi kan ṣoṣo. Ojú àti ọwọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kì í kú nílùú yẹn. Èébú tí bàbá ńlá ẹnì kan bú aládùúgbò rẹ̀ ṣì ń fò kiri láti ògiri dé ògiri, àwọn ìyá a sì máa dí etí ọmọ wọn bó bá ń kọjá. Ọdẹ́níran kò mọ̀. Eruku wọ̀ ọ́ lọ́fun, ó wúkọ́.

Ikọ́ náà sáré lọ. Ó lu ilé ọba, ó yí ọjà ká, ó jí èébú àtijọ́ yẹn dìde, ó jí ìjà àwọn orogún méjì tó ti kú tipẹ́, ó jí ìpolówó ẹ̀kọ ẹnì kan tí ẹ̀kọ rẹ̀ ti tán kí wọ́n tó bí ọba tó wà lórí oyè. Gbogbo ìlú di igbe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú Ọdẹ́níran lọ síwájú ọba, ọba ju ọwọ́, ju ojú, ògbufọ̀ sì sọ ọ́ sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Kábíyèsí ní kí o mú ikọ́ rẹ kí oòrùn tó wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó rán ẹnu rẹ pọ̀, o ó sì máa bá wa gbé."

Ta ló ti mú ikọ́ rí nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí? Èmi tí mo dọdẹ tó báyìí, mi ò dán an wò rí. Ọdẹ́níran sáré tẹ̀ lé e títí ó fi dé eteetí ìlú, ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí ikọ́ náà wọ ahéré kan, tí kò sì jáde. Ó yọjú wọlé. Opó kan wà níbẹ̀ tó ń kó òwú àràbà sínú àpò kòkó láti fi ṣe ìrọ̀rí. Ó gbé àpò kọ́ káàkiri inú ahéré náà.

"Wọlé, má bẹ̀rù," obìnrin náà wí, ó sì pariwo sọ ọ́. "Ilé mi nìkan ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nílùú yìí. Ibí ni àwọn ọmọdé máa ń sá wá tí ẹ̀rín bá ń pa wọ́n."

Ọdẹ́níran kí i, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ wọ àpò, ó kú. Ó fi ẹnu fẹ́ àpò náà, atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì yé e pé ibi tí èémí bá lè gbà, ibẹ̀ náà ni ìró ń gbà wọlé, tí òwú á sì mú un. Awọ tòun kò gba èémí, ìdí nìyẹn tó fi lù ú padà. Ohun kan tún ya á lẹ́nu. Àwọn àpò tí opó náà gbé kọ́ sára òpó, tí àyè wà láàárín wọn àti ògiri, ń gbé ìró mì ju àwọn tó fara ti ògiri gbagba lọ. Kò mọ̀ bóyá etí rẹ̀ ló ń tàn án jẹ, ó sì fi í sọ́kàn láti béèrè.

Wọ́n kó àpò jáde sí ìgboro. Ikọ́ ti wọlé ná, èébú àtijọ́ tẹ̀ lé e, àwọn orogún wọlé wọn kò tíì dákẹ́ ìjà. Ìlú pa rọ́rọ́. Ọba la ẹnu, ó pe orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbọ́ tó parí níbi tó yẹ kó parí, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀. Wọ́n fún Ọdẹ́níran ní àpò òwú ńlá kan, wọ́n sì ní kó máa lọ. Bó ti ń lọ ni opó yẹn pè é padà. "Ọmọ mi, àwọn ìbátan wa ló wà nílùú tó kàn. Àwọn náà fi òwú wo àìsàn wọn. Wò wọ́n dáadáa."

Ìlú Múlọ́múlọ́ ni ìlú yẹn. Òwú ló wà nílẹ̀, òwú ló wà lógiri, òwú ni wọ́n fi ran aṣọ tí wọ́n wọ̀, òwú ni wọ́n fi bo àwọn igi pàápàá. Ọdẹ́níran pàtẹ́wọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pariwo orúkọ ara rẹ̀, orúkọ náà bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lọ síbi kankan. Ó rí ìyá kan tó ń pe ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kò sì jìnnà, kò gbọ́. Kò sí ẹni tó ń kọrin. Àwọn èèyàn kàn ń rìn, wọ́n ń fi ọwọ́ kan àyà ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá arúgbó kan gbé ẹnu lé etí ọ̀rẹ́ mi kó tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"A fẹ́ kí ariwo dákẹ́," bàbá náà wí. "A kò mọ ibi tó yẹ ká dúró. Bó o bá sọ̀rọ̀ tí nǹkan kan kò dá ọ lóhùn, tó bá pẹ́, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ìwọ kọ́ lò ń sọ̀rọ̀. A máa ń fọwọ́ kan àyà láti mọ̀ bóyá a ṣì wà."

Ẹ̀rù ba Ọdẹ́níran níbẹ̀ ju bí iwin elétí-lẹ́sẹ̀ ṣe dẹ́rù bà á lọ. Ó yára kúrò. Ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn rẹ̀ títí dé ilé, àmọ́ ẹ ó gbọ́.

Ó gun òkè Gbohùngbohùn. Kò rí ara, kò rí ojú, òkúta àti àfonífojì nìkan ló wà.

"Ìwọ ni Gbohùngbohùn?" ó bi í.

"Gbohùngbohùn," ó dá a lóhùn.

"Wọ́n ní kò sí ohun tí o kò mọ̀ nípa ògiri."

"Ògiri."

Ọdẹ́níran jókòó. Ó rò ó. Gbohùngbohùn kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìrù ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fún un ló ń dá padà. Ó dára, òun yóò fún un ní ìrù, òun yóò sì wo èyí tó bá gbà tayọ̀tayọ̀.

"Ṣé kí n fa awọ bò ó?"

"Bò ó," ohùn náà wí, bí ẹni tí oorun ń kùn.

"Àbí aṣọ tí èémí ń gbà kọjá?"

"Gbà kọjá. Gbà kọjá. Gbà kọjá." Òkúta kékeré yí bọ́ láti orí òkè.

Ọdẹ́níran rẹ́rìn-ín sókè, Gbohùngbohùn bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ báyìí pé èyí tí kì í ṣe òótọ́, yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tó bá jẹ́ òótọ́, yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi í bóyá kí òun ki òwú náà pinpin, ó ní "pinpin," a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́. Ó bi í bóyá kó rọ̀, ó ní kó rọ̀, kó rọ̀, kó rọ̀. Ó bi í bóyá kó fara mọ́ ògiri, ohùn náà kùn. Ó bi í bóyá kó jìnnà sí i díẹ̀, gbogbo àfonífojì gbà á: díẹ̀, díẹ̀, díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó gbọ́ ní ahéré opó yẹn kì í ṣe ìtànjẹ etí.

"Ìwọ náà ńkọ́?" Ọdẹ́níran wá wí. "Ṣé kí n lé ọ kúrò pátápátá?"

Kò dáhùn. Ẹ gbọ́ o, Gbohùngbohùn kò dáhùn. Ẹyẹ dákẹ́, atẹ́gùn dúró. Ọdẹ́níran mọ̀ pé òun ti dun nǹkan kan níbẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbí kí o dúró díẹ̀ níbẹ̀?"

"Díẹ̀ níbẹ̀," ó wí. "Díẹ̀ níbẹ̀. Díẹ̀ níbẹ̀."

Ó yẹ kó máa lọ nígbà yẹn. Kò tíì lọ. Ó nu ẹnu, ó ní, "Bàbá mi wá bi ọ́ ní nǹkan nígbà kan. Ọdẹ́jìnmí."

"Ọdẹ́jìnmí," Gbohùngbohùn wí. Kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Orúkọ náà ń lọ láti àfonífojì kan bọ́ sí èkejì, ó ń lọ, ó ń lọ, kò sì parí títí etí Ọdẹ́níran kò fi lè bá a lọ mọ́. Kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, ó gbé àpò òwú rẹ̀, ó sì forí lé ilé.

Nígbà tó dé, Baba ṣì ní ohùn, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́ ọ. Ọdẹ́níran kò jókòó. Ó yọ awọ kúrò lára àwọn férémù, ó gbọn òwú àràbà títí tó fi fẹ́, ó tò ó sínú férémù láìkì í pọ̀. Àpò kòkó tí wọ́n ti fọ̀ ló fi bò ó níwájú, ó fi okùn hun ẹ̀yìn rẹ̀ bí àwọ̀n kí òwú má bàa já sílẹ̀. Èyí tó bá kàn tán, á fi ẹnu fẹ́ ẹ. Bí èémí kò bá kọjá, á tú u. Ó kan igi pélébé sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìbú ọwọ́ kan lè wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Mopélọ́lá ló mọ ibi tí wọ́n máa gbé e kọ́ sí. Ó fi Ọdẹ́níran sí ìjókòó Baba, ó ń wọ́ dígí lára ògiri.

"Bọ̀dá Níran, ibi tí ẹ bá ti rí máíkì nínú dígí yìí, ẹ sọ fún mi. Ibẹ̀ ni ohùn Bàbá á ti ta lọ bá a."

Ìyẹn yé Ọdẹ́níran láìsí wàhálà. Bí ọdẹ ṣe ń fi iná orí wá ojú ẹran ni. Ó ń sọ, Mopélọ́lá ń fi ẹfun sàmì, wọ́n sì gbé férémù kọ́ síbẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú wọn dùn.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti fi ọwọ́ mọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ wá, àwa ọdẹ Ìdí-Apá. Bí a bá yí igbó ká, a kì í ṣí ojú kan sílẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi pàṣán kọ́ wa pé ibi tí ọmọ bá fi sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹran á gbà lọ. Ọdẹ́níran wo ògiri kan tó kù, tó dojú kọ ìjókòó Baba, ó rí i ní ìhòòhò, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbà á láyè. Òwú ṣì kù. Ó kan férémù sí i, ó bo ògiri yẹn, ó bo òkè àjà, ó bo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mopélọ́lá ní, "Ṣé kò ti pọ̀ jù?" Ó ní ìró kankan kò ní rí ibi sá gbà mọ́.

Wọ́n mú Baba wọlé. Ó jókòó, ó gbé orí sókè, ó la ẹnu, ó pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan lórí itan rẹ̀. Ó gbé e lé àyà.

"Níran," ó wí. "Níbo lẹ gbé mi wá? Mi ò gbọ́ ara mi. Ṣé ẹ ti sin mí ni?"

Ọdẹ́níran rí ọwọ́ yẹn lórí àyà, ó sì rántí Ìlú Múlọ́múlọ́. Ẹni tí kò ríran, ohùn ara rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí ògiri wà, ló fi ń mọ̀ pé òun wà nínú ilé. Ó dìde, ó já férémù kan kúrò lára ògiri tó dojú kọ Baba. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ó kù díẹ̀," Baba wí.

Ó já òmíràn. Ó já òmíràn títí ògiri yẹn fi wà ní ìhòòhò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́.

Baba mí kanlẹ̀. "Ibẹ̀. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ ibi tí mo wà. Mopé, tan ẹ̀rọ rẹ."

Ó sì sun Ìpè. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn dìde, kò sí ohun tó gùn ún lórí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó pe àwọn ọdẹ tí igbó ti mú lọ láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú yìí dó, ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí Ìpè máa ń fi parí, ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àṣà, kò sí ìdáhùn, ó kọjá sí ẹni tó kàn. Láti ayé àwọn baba wa, kò sí ẹni tó dáhùn rí. Ẹni ìkẹyìn ni Ọdẹ́jìnmí.

"Ọdẹ́jìnmí, ọkọ Àrínọlá,
Arìn-lórí-ewé-gbígbẹ-má-dún,
Ọkùnrin tó bi òkè léèrè ọ̀rọ̀ tí òkè fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.
O gbé ọmọ rẹ lé èjìká láàárọ̀ yẹn,
O sọ ọ́ kalẹ̀, o gbé ìbọn.
Èjìká yẹn ló ń wá.
Àga rẹ ṣì wà nídìí ògiri,
Ọmọ rẹ ti ga ju ìbọn rẹ lọ.
Ọdẹ́jìnmí, ǹjẹ́ o gbọ́?"

Baba dúró díẹ̀ bí àṣà. Láti ara ògiri tó wà ní ìhòòhò, wọ́n gbọ́ ọ wẹ́lẹ́: "Gbọ́." Mopélọ́lá gbé ojú sókè. Ògiri kan ṣoṣo ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kó dá ọ̀rọ̀ padà. "Gbọ́," ó tún wí. Ó sì tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, "Gbọ́." Ọdẹ́níran jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, kò fi ojú pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì Mopélọ́lá ní òun lè gé ìró ìkẹyìn yẹn kúrò, pé kò sí nínú ọ̀rọ̀ Baba. Ọdẹ́níran ní kó má fọwọ́ kàn án. Baba kò tún sun nǹkan kan mọ́ títí ó fi lọ sinmi, ṣùgbọ́n ó máa ń ní kí wọ́n mú òun wá jókòó sí yàrá yẹn, kó dojú kọ ògiri.

Yàrá yẹn náà lẹ jókòó sí yìí. Férémù Ọdẹ́níran ló yí yín ká, ògiri tí mo ní kí ẹ má fẹ̀yìn tì sì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tèmi tán síbí, ògiri ló kù tó máa sọ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún síwájú, ẹ fún un láyè. Mopélọ́lá, tan ẹ̀rọ kí Ìpè Baba dún, má sì pa á kí ògiri tó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta.